Iṣẹ́ àkànṣe: bí a ṣe ń mú ojora kúrò lára Dúdú, ọmọ ajá wa

Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀sẹ̀ 9 ni Dúdú nígbà tó wọlé. Abo ni, ara rẹ̀ le, ó ń jẹun dáadáa, dókítà ẹran sì yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àìsàn kankan. Ẹ̀rù nìkan ni ìṣòro rẹ̀. Yàrá ẹ̀yìnkùlé kan ni wọ́n bí i sí, ẹnì kan ṣoṣo ló sì máa ń gbé oúnjẹ wọlé fún ìyá rẹ̀, tí á tún ti ilẹ̀kùn. Kò rí ọmọdé rí, kò gbọ́ ariwo fáànù rí, kò tẹ ilẹ̀ tó ń dán rí. Bí a ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀, abẹ́ àga ló gbà lọ. Ó ká ìrù sábẹ́ ikùn, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò sì jáde títí ilé fi dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ fún ẹni tó bá ní irú ọmọ ajá báyìí ni pé, "Gbé e lọ síbi tí èrò wà, á mọ́ ọn lára." Mo lòdì sí ìmọ̀ràn yẹn pátápátá. Ọmọ ajá tí wọ́n gbé jù sáàárín ohun tó ń bà á lẹ́rù, tí kò sì ríbi sá sí, á dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ẹni tó ti sọ̀rètí nù ni. Ó lè máa dà bíi pé ara rẹ̀ ti balẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rù náà ń wọ inú rẹ̀ lọ sí i ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí iṣẹ́ yìí yọrí sí kò pọ̀. Mi ò ní kí Dúdú máa fò mọ́ gbogbo àlejò. Ajá míì wà tó jẹ́ pé jẹ́jẹ́ ni Ọlọ́run dá a, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Mo fẹ́ kó lè rí nǹkan àjèjì, kó wò ó, kí ọkàn rẹ̀ padà balẹ̀, kó sì máa bá ohun tó ń ṣe lọ. Bó ṣe ń pẹ́ tó kí ọkàn rẹ̀ tó padà balẹ̀ ni mò ń wò láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ ń lọ.

Ìdí tí kò fi ṣeé fi falẹ̀

Ọmọ ajá ní sáà kan tí nǹkan tuntun máa ń tètè bá a lára mu. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 tí wọ́n bí i, ó sì ń parí láàárín ọ̀sẹ̀ 12 sí 14. Ohun tó bá rí nígbà náà tí kò pa á lára, á kà á mọ́ ara ohun tó wà láyé. Èyí tí kò bá rí, ara á máa fu ú sí i. Ní ọdún 1961, Freedman, King àti Elliot gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Inú ọgbà tí wọ́n mọ odi yí ká ni wọ́n ti tọ́ àwọn ọmọ ajá, láìjẹ́ kí wọ́n fojú kan èèyàn. Wọ́n wá ń mú wọn jáde ní ọjọ́ orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn kan ní ọ̀sẹ̀ 2, àwọn kan ní 3, 5, 7 tàbí 9, kí wọ́n lè fi ọ̀sẹ̀ kan bá èèyàn ṣeré. Àwọn tí wọn ò mú jáde rárá títí wọ́n fi pé ọ̀sẹ̀ 14 dà bí ẹran ìgbẹ́, èèyàn ò ṣeé sún mọ́ fún wọn.

Ìyẹn ni pé nígbà tí Dúdú dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti lo ju ìdajì sáà yẹn lọ nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé. Mo ní láti yára, síbẹ̀ mi ò gbọ́dọ̀ kán an lójú. Ọ̀nà tí mo gbà yanjú rẹ̀ ni pé mo yára ní ti iye nǹkan tó ń rí, mo sì fẹ̀sọ̀ ṣe ní ti bó ṣe ń sún mọ́ wọn tó. Ó lè rí nǹkan púpọ̀ lóòjọ́, bí gbogbo wọn bá ti jìnnà dé ibi tí kò ti ní bẹ̀rù wọn. Dúdú fúnra rẹ̀ ló ń sọ iye ẹsẹ̀ bàtà tó tó.

Ohun èlò

Ẹran sísè tí mo gé sí wẹ́wẹ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju èékánná ìka kékeré lọ. Máàtì kan tó ṣeé ká, tó jẹ́ pé ibikíbi tí a bá tẹ́ ẹ sí ló di ibi ìsinmi rẹ̀. Okùn tó gba àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé ajá tí ẹ̀rù bà máa ń fà sẹ́yìn, ó lè yọ orí kúrò nínú okùn ọrùn kó sá lọ, tàbí kí okùn náà dùn ún lọ́fun. Ìwé kékeré kan. Inú ìwé yẹn ni mo ń kọ ohun tó rí sí, bó ṣe jìnnà tó, bóyá ó jẹ ẹran, àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó padà bọ̀ sípò. Bí kì í bá ṣe ìwé yẹn, mi ò bá máa rò pé kò sí ìtẹ̀síwájú láwọn ọjọ́ tó jẹ́ pé ìtẹ̀síwájú wà.

Bí ara rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀

Ìrù tó ká sábẹ́ àti ara tó ń gbọ̀n, kò sẹ́ni tí kò mọ ìyẹn. Àwọn àmì tó ń ṣáájú wọn ló ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ yìí. Ó ń lá imú nígbà tí kò sí oúnjẹ nítòsí. Ó ń yán nígbà tí oorun ò kùn ún. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè díẹ̀, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ó yí orí kúrò ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára nǹkan náà, débi pé funfun ẹyinjú rẹ̀ hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ tẹ́lẹ̀, ó sì pa ẹnu dé lójijì. Bí mo bá rí ọ̀kan nínú wọn, mo mọ̀ pé a ti sún mọ́ jù, a sì máa padà sẹ́yìn kí ó tó di pé ìrù ká.

Oúnjẹ ni òṣùwọ̀n tí kì í parọ́. Ajá tí ebi ń pa, tó fẹ́ràn ẹran, tó wá kọ̀ ọ́ níwájú nǹkan kan, ẹ̀rù ti gba gbogbo ara rẹ̀, ẹ̀kọ́ kankan ò sì lè wọlé mọ́. Ti àárín tún wà. Ètè ni Dúdú máa ń fi gba ẹran lọ́wọ́ mi. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í já a gbà, tí mo fi ń gbọ́ eyín rẹ̀ lórí awọ ìka mi, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ti ń mú un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń jẹ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ 9: ilẹ̀ pálọ̀

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kí a fi í sílẹ̀. Mo gbé páálí ńlá kan dùbúlẹ̀ sí igun pálọ̀, mo da aṣọ bò ó, mo tẹ́ máàtì sínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ó lè máa rí gbogbo wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Òfin ilé ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ páálí yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fà á jáde. Àbúrò mi obìnrin wá kí wa, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè gbé e. Mo ní kó jẹ́ kí ajá wá fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò bá wá ńkọ́?"

"Kò wá nìyẹn. Ẹran ò ní sá lọ."

Mo máa ń jókòó sílẹ̀, tí mo kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, mi ò sì ní wò ó lójú. Bí mo bá ju ẹran, mi ò ní jù ú sí àárín èmi àti òun. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń jù ú sí. Ìdí pàtàkì wà fún un. Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni ẹran wà, ebi ló máa fà á dé ibi tí ẹ̀rù ń sọ pé kó má dé. Bó bá ti gbé e mì tán, á wá rí i pé òun ti sún mọ́ jù, jìnnìjìnnì á sì bò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹran bá wà lẹ́yìn, á kọ́kọ́ jìnnà sí mi, ara á tù ú, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa pinnu láti padà wá.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó jẹ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tán, ó yíjú padà. Ó na ọrùn, ó na àyà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ò sì kúrò lójú kan, gbogbo ara rẹ̀ wá gùn bí okùn tí wọ́n fà. Imú rẹ̀ kan orúnkún mi. Ó tutù. Mo gbọ́ bó ṣe ń fà á símú, fín-ín fín-ín, ó sì sá padà. Mi ò mira. Mo ju òmíràn sẹ́yìn rẹ̀, ó lọ jẹ ẹ́, ó tún padà wá, lọ́tẹ̀ yìí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà tẹ̀ lé e. Inú mi dùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn débi pé oorun ò tètè kùn mí.

Ọ̀sẹ̀ 10: ayé láti orí apá mi

Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ò tíì pé, ìyẹn sì ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń há. Àrùn parvo ń pa ọmọ ajá, kòkòrò rẹ̀ sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí ajá tó ní in ti kúrò níbẹ̀. Agbára àjẹsára tí ọmọ ajá gbà nínú ọmú ìyá rẹ̀ sì lè máa dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra wọn, títí ọmọ ajá á fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Bí mo bá ní kí n dúró de ọ̀sẹ̀ 16, sáà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti kọjá lọ. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹran tó ń rí sí ìwà ẹranko ní Amẹ́ríkà, AVSAB, sọ ojú tí wọ́n fi wò ó ní ọdún 2008: kí ọmọ ajá bẹ̀rẹ̀ sí í rí ayé kí abẹ́rẹ́ tó pé. Wọ́n ní ó lè bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ 7 sí 8, bó bá ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ní ó kéré tán ọjọ́ 7 ṣáájú, tó sì ti lo oògùn aràn.

Nítorí náà, apá mi ni Dúdú fi ń rìn. Mo máa ń gbé e dúró sí ìta, mo máa ń jókòó sínú mọ́tò pẹ̀lú ilẹ̀kùn ṣíṣí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀ tí ajá tí a ò mọ̀ ti rìn.

Ètò tí ohun tó ń bà á lẹ́rù àti ẹran ń gbà tẹ̀ lé ara wọn ló gbé gbogbo iṣẹ́ yìí dúró. Kẹ̀kẹ́ á kọ́kọ́ yọ lọ́ọ̀ọ́kán, Dúdú á rí i, ìgbà yẹn ni ẹran máa tó jáde. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti kọjá, ẹran tán. Bó bá jẹ́ ẹran ló ń ṣáájú, á di pé ẹran gan-an ló ń kìlọ̀ fún un pé nǹkan burúkú ń bọ̀, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú sí ẹran. Ọgbọ́n yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1924, Mary Cover Jones kọ̀wé nípa ọmọdékùnrin kan, Peter, tí ẹ̀rù ehoro ń bà. Bí ọmọ náà bá ń jẹun, wọ́n á gbé ehoro inú àgò wọlé, wọn ò sì ní gbé e sún mọ́ kọjá ibi tí kò ti ní dí oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀, ọmọ náà dẹni tó ń fọwọ́ kan ehoro. Òṣùwọ̀n tó wà nínú ìwé mi náà nìyẹn: ṣé ó ṣì ń jẹun?

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ohun tí mò ń retí ṣẹlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ yọ, Dúdú wò ó, ó sì yíjú sí mi kíákíá, pé ẹran òun dà? Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ariwo

Etí ajá ń gbọ́ ohùn tó tinrín dé nǹkan bí 45,000 Hz, tiwa kì í kọjá 20,000. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí àwa rò pé ó dákẹ́ lè máa han-n létí rẹ̀. Mo gba ohùn oríṣiríṣi sórí fóònù, mo ń tàn án rọra nígbà tó ń jẹun, ó sì ṣe dáadáa fún aago ẹnu ọ̀nà àti ẹkún ọmọdé. Kò ṣiṣẹ́ fún àrá. Ẹnu kékeré tí fóònù fi ń sọ̀rọ̀ ò lè gbé ohùn tó wúwo, tó ń mi ilẹ̀, jáde. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn ariwo gidi tó wà lọ́nà jíjìn ju ariwo fóònù tó wà nítòsí lọ: ẹnì kan á máa fi ọmọrí ìkòkò kan ara wọn pẹ̀lẹ́ nínú yàrá kejì, ilẹ̀kùn á wà ní títì, lẹ́yìn náà ní ṣíṣí díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 11: àrá

Àrá ńlá kan sán ní ọ̀sán, láìsí òjò tó kìlọ̀. Ó bá Dúdú lẹ́nu ọ̀nà. Ó sá wọlé, ó sì wá sí itan mi, níbi tí kò wá rí fúnra rẹ̀ títí di ọjọ́ yẹn. Mo gbé apá yí i ká, mo ń fọwọ́ pa á láyà títí ara rẹ̀ fi dẹ́kun gbígbọ̀n.

Àwọn kan gbà pé bí o bá rẹ ajá tí ẹ̀rù ń bà lẹ́kún, ò ń kọ́ ọ láti máa bẹ̀rù ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ajá ló yàn láti máa bẹ̀rù nítorí èrè kan. Nǹkan tó dáa kò lè sọ ẹ̀rù di púpọ̀. Ńṣe ló ń dín in kù. Ọmọ ajá tó sá wá bá ọ nígbà tí àrá sán ti yan ibi ààbò, èyí tó sì yẹ kó bá níbẹ̀ ni ààbò.

Kò fẹ́ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn ìyẹn. A pa gbogbo ìjáde tì fún ìgbà díẹ̀. Ara tí ẹ̀rù ńlá ti bà kì í padà bọ̀ sípò lójú ẹsẹ̀, ọmọ ajá sì nílò oorun tó tó wákàtí 18 sí 20 lóòjọ́, pàápàá lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a tún bẹ̀rẹ̀, mo tẹ́ máàtì sí àárín pálọ̀, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà, a sì ń sún un ní ìwọ̀n ọwọ́ kan. Ìwé fi hàn pé kò pẹ́ tó ti àkọ́kọ́ rárá kó tó dé ẹnu ọ̀nà padà.

Ọ̀sẹ̀ 12 sí 13: èèyàn

Ẹni tó bá wọlé á jókòó, kò ní pè é, kò ní na ọwọ́ sí orí rẹ̀. Bó bá wá, abẹ́ àgbọ̀n tàbí àyà ni kó fọwọ́ kàn, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3, kó sì dáwọ́ dúró. Ohun tí Dúdú bá ṣe nígbà tí ọwọ́ dúró ni èsì. Bó bá ti ara mọ́ ọwọ́, ó fẹ́ sí i. Bó bá gbọn ara, tàbí tó yíjú, ó tó báyẹn. Àwọn ọmọdé inú ilé gba òfin yìí ju àwọn àgbà lọ. Àwọn àgbà máa ń sọ pé, "Gbogbo ajá ló fẹ́ràn mi," tí wọ́n á sì ti na ọwọ́.

Ẹni tó le jù ni bàbá àgbà kan ládùúgbò tó ń fi ọ̀pá rìn. Ọ̀nà tó yọrí ni pé a tú nǹkan yẹn sí wẹ́wẹ́. Ọ̀pá kan ṣoṣo la kọ́kọ́ fi lélẹ̀ ní pálọ̀, láìsí èèyàn nítòsí, tí ẹran wà yí i ká. Lẹ́yìn náà mo mú un lọ́wọ́ lórí ìjókòó. Mo fi tẹlẹ̀, kò, kò, kò, ní òpin pálọ̀ lọ́hùn-ún. Ìgbà tó yá ni bàbá wá jókòó láìsí ọ̀pá, wọn ò wò ó. Wọ́n ní, "Ẹ má kánjú, ọmọ mi, mo ráyè." Sùúrù bàbá yẹn ṣiṣẹ́ ju ẹran lọ. Nígbà tí bàbá àti ọ̀pá wá pàdé pọ̀, kò sí ohun tuntun kankan níbẹ̀ mọ́ fún Dúdú. Ọgbọ́n kan náà la lò fún irùngbọ̀n, fìlà ńlá àti agboòrùn: agboòrùn ní pípadé kó tó di ní ṣíṣí, lórí ilẹ̀ kó tó di lọ́wọ́.

Ajá, ilẹ̀ àti ọwọ́ dókítà

Ajá àgbà kan péré ni mo yàn fún un, èyí tó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀, tó sì ní sùúrù. Ó dùbúlẹ̀, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jẹ́ kí Dúdú gbọ́ òórùn òun láti ẹ̀yìn. Kò ju ìyẹn lọ, kò sì yẹ kó jù ú lọ. Ọ̀wọ́ ọmọ ajá alágbára mẹ́rin tó ń sáré kiri ì bá ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ jẹ́.

Ilẹ̀ dídán, kápẹ́ẹ̀tì, àtẹ̀gùn àti koríko tútù kò gbà wá lákòókò. A ń fọ́n ẹran sí wọn, ó ń wá a.

Lójoojúmọ́ ni mò ń fọwọ́ kan etí rẹ̀, mò ń ṣí ètè rẹ̀, mò ń di àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mú fún ìgbà díẹ̀, ẹran sì ń tẹ̀ lé e. Mo bẹ dókítà kí a máa yà wá láìsí abẹ́rẹ́: kí Dúdú gun òṣùwọ̀n, kó jẹ ẹran lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ká máa lọ. Nígbà tí abẹ́rẹ́ gan-an dé, ó wo abẹ́rẹ́, ó lá imú lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń jẹ ẹran lọ.

Ibi tí iṣẹ́ dé báyìí, ọ̀sẹ̀ 15

Àlejò wọlé, Dúdú á wọ páálí rẹ̀, á wò wọ́n láti inú ibẹ̀, á sì jáde fúnra rẹ̀. Ó ń ju ìrù fún bàbá tó ń fi ọ̀pá rìn. Ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù láìbojú wẹ̀yìn. Àrá ṣì ń bà á lẹ́rù, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí itan mi wà.

Sáà tó rọrùn jù ti parí, iṣẹ́ ò parí. Ẹ̀rù tuntun lè yọjú nígbà tí ajá bá ń bàlágà, kódà sí ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ìwé ṣì wà ní ṣíṣí. Méjì ló kù lórí rẹ̀ báyìí: alùpùpù nítòsí, àti ọmọdé tó ń sáré. Èyí tó kẹ́yìn la máa kọ́kọ́ mú. Ọmọ àbúrò mi ti gbà láti máa rìn lọ rìn bọ̀ ní òdì kejì pápá, láìsáré, láìpariwo. Bí Dúdú bá ń fi ètè gba ẹran, ọmọ náà á yá ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i. Bó bá fi eyín gbà á, á padà sí rírìn.